Ọgọ́rin Tí Kì Í Ṣe Ọgọ́rin

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ síwájú táyà ọkọ̀ Ìyá Kúlà, ó ká téèpù aránṣọ mọ́ ọn bí ẹni tí ó fẹ́ rán ẹ̀wù fún un.

Ìyá Kúlà dúró bí ère ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkóògùn-pamọ́, kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọwọ́ ọ̀tún, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ní ọwọ́ òsì, kò sì mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ìyá Kúlà kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń kó kúlà oògùn láti ìlú ńlá lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí ó wà ní ìgbèríko. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Yàtọ̀ sí kúlà, kò tíì ní ọmọ mìíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ta ló rán yín sí táyà mi?"

Ọkùnrin náà kò dìde. Ó na ìka kan sókè pé kí ó ṣe sùúrù díẹ̀, ó fi ẹfun fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó sì kọ iye kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbójú sókè. Ojú tí ó gbé sókè náà tutù pẹ̀sẹ̀, kò sì ní ìtìjú kankan nínú.

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ yìí dé láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ jí i gbé?"

"Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo wà láti orí afárá, mo ń wo aago ọkọ̀ tèmi. Eré mélòó lẹ rò pé ẹ ń sá?"

"Mi ò rò ó, mo rí i. Ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan ni, kò lé, kò dín. Òfin ọ̀nà yẹn nìyẹn, òfin ilé wa sì ni pẹ̀lú."

"Méjìléláàádọ́rùn-ún ni."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo pa á o. Aago eré ọkọ̀ yín ni."

Ìyá Kúlà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iye náà dá a dúró. Méjìléláàádọ́rùn-ún. Ó ti rí iye yẹn rí, nínú ìwé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọ. Iye yẹn gan-an ni ó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kúrò nílé.

Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ó dìde wéré, ó sì gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní atún-aago-ọkọ̀-ṣe ni òun, Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pe òun, ìsọ̀ òun sì nìyẹn ní òdìkejì títì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú bíréèkì sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ọkọ̀ náà síwájú lórí ilẹ̀ títẹ́jú títí ìlà ẹfun fi yí ká lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún kan ilẹ̀. Aláago fi téèpù wọn ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n dúró.

"Mítà méjì àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà," ni ó wí. "Táyà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí mọ́, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, mítà méjì péré ló máa ń rìn. Aago ò ní ojú tó lè fi wo ọ̀nà. Ìyípo nìkan ló ń kà. Ó ṣì gbà pé mítà méjì lẹ ń rìn. Bó bá pè é ní ọgọ́rin, ẹ ti ń sá méjìléláàádọ́rùn-ún. Bí òǹkà kìlómítà bá ní ogójì lẹ rìn, ẹ ti rin mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Láti ìgbà wo?" Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ẹlòmíràn.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé táyà ńlá yìí sí i."

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ni ó ra àwọn táyà náà nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà ìgbèríko, inú gbogbo ilé sì dùn pé ọkọ̀ wọn wá ga bí ẹṣin. Awakọ̀ ni bàbá náà fún ọdún méjìdínlógójì kí ó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Ọgọ́rin sì ni gbogbo awakọ̀ mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé kò sí ọjọ́ kan tí ó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ aago kọjá ọgọ́rin. Òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ọkọ̀ wíwà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá ọmọkùnrin náà dúró nínú ọkọ̀ yìí kan náà, ẹ̀rọ wọn ní méjìléláàádọ́rùn-ún ni ó ń sá, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ó délé, ó kúnlẹ̀, ó búra pé orí ọgọ́rin ni abẹ́rẹ́ wà. Bàbá Ọgọ́rin ní, "Aago kì í purọ́, ẹ̀rọ ìjọba kì í purọ́. Ta ló wá kù?" Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ọmọ náà nílé.

Ohun tí ó dun Ìyá Kúlà jù nìyí: òun náà ti tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé yàrá ní ọjọ́ yẹn, ó sì ti sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn jẹ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ ó tán."

Ó gba kúlà rẹ̀ lọ́wọ́ Aláago, ó wọ inú ọkọ̀, ó sì wà á lọ láì dágbére. Lójú ọ̀nà, kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dé àádọ́rin.

Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá sí ìsọ̀ náà láti béèrè bí a ṣe ń tún irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìsọ̀ náà kéré, ó sì mọ́ tónítóní. Aago ọkọ̀ tí ó lé ní ọgbọ̀n ni ó wà lára ògiri, abẹ́rẹ́ gbogbo wọn sì dùbúlẹ̀ sórí òdo bí ẹni tí ó ń sùn. Aláago tú jíà kékeré kan jáde láti inú ìgò oògùn tí ó ti ṣófo. Kò ju àtàńpàkò lọ.

"Irú èyí ló wà lára jíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ yín, tó ń yí okùn aago. Ẹ ka eyín rẹ̀."

Ó kà á. Mẹ́tàlélógún ni.

"Bí mo bá fi èyí tó ní eyín ogún rọ́pò rẹ̀, okùn á máa yára yí sí i, ní ìwọ̀n tí táyà ńlá fi mú un falẹ̀. Aago á padà máa sọ òótọ́. Iṣẹ́ wákàtí kan ni."

"Ọkọ̀ bàbá mi ni. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wọn."

"Ẹ sọ fún wọn nígbà náà."

Kò sọ. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá la ẹnu, ojú bàbá rẹ̀ ni yóò rí bí ó ti rí ní àárọ̀ tí wọn kò bá ọmọkùnrin náà nílé mọ́, ẹnu náà yóò sì tún padà dé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí ìsọ̀ Aláago. Ó ṣàkíyèsí pé ìgò jíà kò tó o, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò oògùn tí àwọn nọ́ọ̀sì ti lò tán wá fún un.

"Ìgò mẹ́fà lónìí? Awakọ̀ mi, ẹ fẹ́ sọ mí di oníléeṣẹ́."

"Ẹ gbà á kí n máa lọ, yìnyín mi ń yọ́." Lẹ́yìn náà yóò jókòó fún odindi ìdajì wákàtí, nígbà tí kúlà náà ṣófo láti àárọ̀.

"Yìnyín yìí mà lágídí o," ni Aláago yóò wí. "Kò tètè ń yọ́."

Ní oṣù kejì, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn. Ní oṣù kẹta, ó bá ara rẹ̀ ní ìsọ̀ náà ní ọjọ́ tí kò ní ìgò lọ́wọ́, tí kò ní ìbéèrè lẹ́nu, tí kò sì sí iṣẹ́ kankan tí ó gbé e wá. Ó dúró láàárín ilẹ̀kùn bí olè tí iná tàn sí lójú. Aláago gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó, ó sì fa àga fún un.

"Mo fẹ́ wá rí bàbá rẹ," ni ó sọ nígbà tí ó yá.

"Nípa táyà ni, àbí nípa mi?"

"Nípa méjèèjì."

"Olólùfẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, nípa tèmi nìkan. Má dárúkọ táyà. Fún mi láàyè kí n wá ọjọ́ tó dáa."

Aláago ní, "Èmi ò ní fẹnu ara mi dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, mi ò ní purọ́."

Ta ni yóò bi í? Èyí ni Ìyá Kúlà fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó gbàgbé pé kò sí ohun tí àwọn àgbà awakọ̀ fẹ́ràn bí kí a yin ọkọ̀ wọn.

Ní oṣù kẹrin, Aláago wá sí ilé wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nínú ẹ̀wù tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bàbá Ọgọ́rin fẹ́ràn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fẹ́ràn bí ó ṣe jókòó, ó fẹ́ràn bí ó ṣe ń dáhùn ní ṣókí. Nígbà tí ó sì gbọ́ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ó pàtẹ́wọ́.

"Aago ọkọ̀! Ọlọ́run ló rán ọ wá. Bọ́ síta, wá wo tèmi, kí o sọ fún ọmọ mi yìí pé kò sí aago tó péye tó o. Láti bí oṣù mẹ́rin ló ti ń fà bí ìgbín lójú pópó. Mo ní kí ló dé, kò fèsì."

Ìyá Kúlà nawọ́ di ìdí àga mú. Aláago wojú rẹ̀. Ó wojú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, aago yín ò péye."

"Kí lo wí?"

"Bó bá ka ọgọ́rùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lórí rẹ̀ tí kò kà, láti ìgbà tí ẹ ti gbé táyà ńlá sí i. Ọgọ́rin rẹ̀ kì í ṣe ọgọ́rin. Méjìléláàádọ́rùn-ún ni."

Bàbá Ọgọ́rin kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò sì tíì ṣubú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù mẹ́rin."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Ìyá Kúlà. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Aláago yẹn lè ṣì wọ̀n. Èèyàn lásán ni. Sọ fún un kó padà wá, kó jókòó síwájú mi, kó ní òun ṣì wọ̀n ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni màá fà ọ́ lé e lọ́wọ́. Bí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kó má tẹ ilé yìí mọ́."

Ẹ má ṣe bú u, ẹ̀yin òǹkàwé. Kì í ṣe táyà ni ó ń gbèjà. Bí aago bá ti purọ́, ọmọ rẹ̀ ni ó sọ òtítọ́, òun sì ni ó lé olóòótọ́ jáde. Ọkùnrin wo ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀?

Ìyá Kúlà sáré dé ìsọ̀. Ó ti rò pé ohun kékeré ni òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, ó sì sọ ọ́ tán kí ó tó gbọ́ bí ó ti ń dún.

"Sọ pé o ṣì wọ̀n ni. Gbólóhùn kan péré. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, a óò rọra pààrọ̀ jíà náà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀."

Aláago wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Ìyá Kúlà yíjú sí àwọn aago ara ògiri.

"Èèyàn méjì péré ló lè wí fún bàbá rẹ pé ọmọ wọn ò purọ́: èmi àti ìwọ. Bí èmi bá yí ohùn padà, tí ìwọ sì dákẹ́, ta ló kù fún un?" Ohùn rẹ̀ kò le, omi wà lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè wí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ̀gbọ́n rẹ san owó orí rẹ."

Ìyá Kúlà jáde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kò tíì dé ìdajì títì tí ìbínú náà fi yípadà tí ó kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí òun yóò sọ fún olóòótọ́ pé kí ó purọ́ kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Nígbà tí ó délé, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ka orí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀.

"Mi ò wà á mọ́, bàbá. Mi ò lè máa wa ọkọ̀ tí mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Bí ẹ bá ní aago náà péye, ẹ wà á fúnra yín."

Bàbá Ọgọ́rin na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà. Ó mú un. "Wọ ọkọ̀," ni ó wí.

Ọ̀nà afárá ni wọ́n gbà. Ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, òpó funfun kan wà ní ìparí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bàbá mú ọkọ̀ náà dé ọgọ́rin, ó dì í mú ṣinṣin bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Bí ọgọ́rin bá jẹ́ ọgọ́rin, láti òpó kan dé èkejì, ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta ni. Kà á."

Òpó kan kọjá. Òpó kejì kọjá.

"Mọ́kàndínlógójì, bàbá."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Mọ́kàndínlógójì. Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Iye náà kò yẹ̀. Ní òpó kẹfà, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ bàbá ti kúrò níbi tí ó wà. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí àgbá ìtọ́kọ̀.

"Ó kúnlẹ̀ síwájú mi," ni ó wí. "Ó kúnlẹ̀, ó sì ń sọ òótọ́."

Ìyá Kúlà kò rí bàbá rẹ̀ kí ó sunkún rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Kò mọ ibi tí òun ì bá fi ọwọ́ sí. Nígbà tí ó yá, ó gbé e lé èjìká rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí ó jí ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kò sí, bàbá kò sí. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, kò sí ẹni tí ó rí i. Ẹ̀rù mú un. Ibi tí ó kù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ nìkan ni ó forí lé.

Aláago wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó dìde nígbà tí ó rí i.

"Ṣé o rí bàbá mi?"

"Rárá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ ohun gbogbo fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí mo ní kí o ṣe ní àná, ìtìjú rẹ̀ ń pa mí. Forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ kí o tó dé ìdajì títì."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìdajì títì ni mo dé?"

"Mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé," ni ó wí. "Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí o wẹ̀yìn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí oòrùn dé àtàrí, tí ọkọ̀ gíga kan yà kúrò lójú títì, tí ó sì dúró síwájú ìsọ̀. Ìyá Kúlà rí ẹni tí ó jókòó sí ìdí àgbá ìtọ́kọ̀, ó sì sáré jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ti gbẹ díẹ̀, irun rẹ̀ ti kún, ṣùgbọ́n òun ni. Bàbá Ọgọ́rin ni ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, bí èrò ọkọ̀ lásán. Láti ọdún méjì ni ó ti mọ ìlú tí ọmọ náà wà, ṣùgbọ́n kò tíì lọ síbẹ̀ rí.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n náà wí bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, "ṣé o ṣì ní kí n jẹ́wọ́?"

Ẹkún ni ó fi dáhùn, ní àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá kọjú sí Aláago. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Pààrọ̀ jíà náà."

Aláago wọ abẹ́ ọkọ̀. Láàárín wákàtí kan, jíà eléyín ogún ti wà ní àyè eléyín mẹ́tàlélógún. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó tọ́ka sí òǹkà kìlómítà.

"Àwọn kìlómítà tí kò kà láti ọdún mẹ́ta wá ńkọ́? Ṣé o lè dá wọn padà sínú rẹ̀?"

"Mo lè ṣe é, bàbá, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é. A kì í fọwọ́ yí òǹkà. Ìwé la máa kọ, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: ọjọ́ tí àṣìṣe bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó parí, àti iye tí ó fi dín. Ẹnikẹ́ni tó bá wà á lẹ́yìn wa á mọ̀."

"Mú bírò wá. Èmi ni n ó kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lẹ̀ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́. "Ìwọ Aláago, o wá sọ́dọ̀ mi nítorí ọmọ mi, mo sì lé ọ. Mi ò tún ní dá ẹjọ́ kankan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èyí tí mo dá tẹ́lẹ̀ ti tó mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Òun ni kí o bẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n náà ká apá mọ́ àyà, ó fajú ro bí adájọ́. "O mọ̀ pé o lè pàdánù àbúrò mi bí o bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O ò sì mọ̀ mí rí."

"Mi ò mọ̀ yín rí."

"Kí ló wá dé?"

Aláago nu ojú. "Bí mo bá purọ́ mọ́ yín láti fi fẹ́ ẹ, irú ọkọ wo ni mo fẹ́ jẹ́ fún un?"

Ẹ̀gbọ́n náà kò lè fajú ro mọ́. "Mo gbà," ni ó wí. "Bàbá, mo gbà. Kí wọ́n fún wa ní ọdún kan láti múra."

"Ẹ ti bi gbogbo èèyàn tán, kò tíì kàn mí," ni Ìyá Kúlà wí. Ó ti nu omijé rẹ̀ nù. "Ọ̀la, mo ní kúlà mẹ́ta láti gbé. Ọ̀túnla, ọwọ́ mi dilẹ̀. Ọ̀túnla la máa lọ sí kóòtù, ká forúkọ ìgbéyàwó wa sílẹ̀."

"Ọ̀túnla?" ni àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ dúró?"

Aláago rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí i, ó rí i pé ọ́ìlì dúdú ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fẹ́ fà á padà. Ìyá Kúlà kò jẹ́ kí ó fà á padà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì dì í mú pẹ̀lú ọ́ìlì rẹ̀, níwájú bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.